Bí ẹ ṣe lè yọ DNA lára ewé kòkó ní láàbù Ilé-Ifẹ̀

Ewé kòkó ṣòro. Ẹni tó ti fi ewé àgbàdo kọ́ṣẹ́ tán, tó wá gbé ewé kòkó wọ láàbù, á rí i pé omi tó yẹ kó mọ́ gaara ti pọ́n, ohun tó dì sí ìdí ike sì ń fà bí ewédú. Ó gbé e lọ ṣe PCR, ìyẹn ọ̀nà tí a fi ń sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀, PCR kò ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ kòkó ló yí wa ká, láti Ifẹ̀ títí wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó bá ń wá igi tó máa fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá kò ní rìn jìnnà kó tó kàn án. Òun ni màá fi ṣàlàyé. Ẹni tó bá lè ṣe ti kòkó, ti ẹ̀gẹ́ kò ní ni ín lára.

Wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi ru ẹ̀rọ bí iṣẹ́ yìí bá dàrú. Ẹ̀rọ kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. Oko ni DNA ti ń bàjẹ́ jù, àti ìṣẹ́jú díẹ̀ tó wà láàárín ìgbà tí ewé fọ́ sí ìgbà tí bọ́fà, ìyẹn omi oníyọ̀ tó ń dáàbò bo DNA, kàn án. Ibi méjèèjì yìí ni màá ti pẹ́.

Ọ̀nà tí a máa tọ̀ ni CTAB, tí wọ́n fi orúkọ kẹ́míkà bí ọṣẹ tí a ń lò níbẹ̀ pè. Murray àti Thompson ló gbé e jáde lọ́dún 1980 fún ewéko, Doyle àti Doyle tún un ṣe lọ́dún 1987, ó sì ti di ti gbogbo ayé. Kit, ìyẹn àpótí tí wọ́n ti to èròjà iṣẹ́ yìí sí, wà lọ́jà, ó yá, ó mọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, ewé kòkó sì máa ń dí ihò kọ́lọ́mù rẹ̀. Bí ẹ bá ní àpẹẹrẹ púpọ̀, tí owó kò sì tó, CTAB ni kí ẹ dì mú.

Ní oko

Friedrich Miescher ló kọ́kọ́ ya nǹkan tí a ń wá yìí sọ́tọ̀, ní Tübingen ní ilẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1869. Báńdéèjì tí ọyún kún inú rẹ̀ ló ń gbà lọ́wọ́ ilé ìwòsàn, nítorí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló pọ̀ nínú ọyún, núkílíọ́sì sì wà nínú wọn. Ọgbọ́n tó dá kò tíì gbó: kí á wá ohun tí núkílíọ́sì pọ̀ nínú rẹ̀, tí ìdọ̀tí mìíràn kò sì pọ̀.

Fún kòkó, ewé ọ̀dọ́ ni. Kì í ṣe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú tó ṣì pupa, tó sorí kọ́, nítorí aró pọ̀ nínú ìyẹn. Èyí tó ti kúrò ní pupa, tó ń bọ́ sí àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tó ṣì rọ̀ lọ́wọ́, òun ni kí ẹ já. Ewé tó ti gbó tó le kankan, ẹ fi í sílẹ̀ lórí igi: ògiri sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ le, pólífẹ́nọ́ọ̀lù sì kún inú rẹ̀. Pólífẹ́nọ́ọ̀lù yìí náà ló ń mú kí obì tí a là sílẹ̀ pọ́n lójú ibi tí atẹ́gùn ti kàn án. Bó bá pọ́n báyẹn nínú ike yín, á so mọ́ DNA, ẹ ò sì ní rí i yọ mọ́.

Ẹ lọ já ewé ní àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú kí ewé kó ṣúgà àti sítáàṣì jọ. Bó bá jẹ́ ọ̀gbìn inú ọ̀rá nọ́sìrì ni, ẹ gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó já a. Sítáàṣì inú rẹ̀ á ti dínkù. Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú ethanol 70% nu ewé náà lójú àti lẹ́yìn. Olú, kòkòrò àti ẹyin wọn ní DNA tiwọn, PCR kò sì mọ ti kòkó yàtọ̀ sí ti àlejò bí primer yín, ìyẹn DNA kúkúrú tí PCR fi ń bẹ̀rẹ̀, kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí láàbù bá súnmọ́ oko, kúlà tí yìnyín wà nínú rẹ̀ ti tó, ṣùgbọ́n kí ewé wà nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ewé tó bá rẹ sínú omi yìnyín á kú kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé DNA wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Bí ọ̀nà bá jìn, silica gel ni mo fara mọ́ jù. Ẹ gé ewé sí wẹ́wẹ́, kí ẹ fi sínú àpò tíì, kí ẹ sì rì í sínú silica gel tó wúwo tó ìlọ́po mẹ́wàá ewé náà ó kéré tán. Láàárín ọjọ́ kan, ó yẹ kó ti gbẹ débi pé á ṣẹ́ pàkà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ṣẹ́, ẹ pààrọ̀ silica gel náà. Ẹ má sá ewé sí oòrùn o. Oòrùn máa ń gbẹ ẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńsáìmù á ti ṣe tirẹ̀ tán kí omi tó tán lára rẹ̀.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sára bébà, kí bébà náà wà nínú ọ̀rá pẹ̀lú ewé. Ethanol máa ń pa lẹ́ẹ̀dì báírò àti máákà rẹ́.

Bọ́fà

Fún 100 ml, ẹ da omi dísítílì bíi 60 ml sínú bíkà, kí ẹ wá fi nǹkan wọ̀nyí sí i: CTAB gíráàmù 2, iyọ̀ láàbù, ìyẹn NaCl, gíráàmù 8.18, PVP gíráàmù 2, Tris-HCl 1 M oní-pH 8.0 mílílítà 10, EDTA 0.5 M oní-pH 8.0 mílílítà 4. Ẹ fi ooru díẹ̀ ràn án lọ́wọ́ kó yọ́, nítorí CTAB máa ń hó bí ọṣẹ bí ẹ bá fi agídí rò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi kún un dé 100.

EDTA máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ láyà sókè. Ẹ wọn gíráàmù 18.6 fún 100 ml 0.5 M, ẹ fi sínú omi, kò yọ́. Ẹ gbé e kaná, kò yọ́. Kò ní yọ́ títí pH á fi súnmọ́ 8, nítorí náà NaOH ló ń wá, kì í ṣe iná. NaOH oníhóró tó tó gíráàmù méjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e débẹ̀. Ẹ máa fi í sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wo mítà pH. EDTA ló ń gbá magnesium mú, ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí magnesium. Bí EDTA kò bá yọ́ dáadáa, kò sí ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn.

Iyọ̀ náà ní ìdí. Níbi tí iyọ̀ bá pọ̀ dé 1.4 M, DNA á wà nínú omi, CTAB á sì so mọ́ púrótéènì àti púpọ̀ nínú àwọn ṣúgà gígùn. Bí iyọ̀ bá lọ sílẹ̀ ju bíi 0.7 M lọ, CTAB á gbá DNA fúnra rẹ̀ mú, wọ́n á sì jọ rì. Nítorí náà, ẹ má ṣe fojú díwọ̀n iyọ̀.

Mercaptoethanol ló kù, òun ló ń dí pólífẹ́nọ́ọ̀lù lọ́wọ́. Máíkírólítà 2 fún mílílítà bọ́fà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sábà ń lò, ṣùgbọ́n fún kòkó, mo máa ń gbé e dé 10. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó gan-an ni kí ẹ tó fi sí i. Ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ó sì ní májèlé: inú àpótí afẹ́fẹ́ (fume hood) ni kí ẹ ti ṣí i, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́.

Lílọ̀

Náítírójìn olómi ló dára jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo láàbù ló ní in. Ẹni tó fi silica gel gbẹ ewé kò nílò rẹ̀, torí ewé gbígbẹ á kúnná di lẹ́búlẹ́bú nínú odó láàbù lásán. Mílígíráàmù 20 ewé gbígbẹ ti tó; bó bá jẹ́ tútù, 100. Ẹ má fi sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojúkòkòrò ló ń sọ bọ́fà di ọbẹ̀, ewé púpọ̀ kì í fúnni ní DNA púpọ̀.

Fún ewé tútù láìsí náítírójìn, ẹ gbé odó àti ọmọ odó sínú fírísà mọ́jú, kí ewé náà sùn síbẹ̀. Bọ́fà gbọ́dọ̀ ti gbóná dé 65 °C kí ẹ tó gbé odó jáde. Ewé bọ́ sínú odó, ẹ gún un lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kó fọ́, ẹ da bọ́fà gbígbóná lé e lójú ẹsẹ̀, ẹ wá máa lọ̀ ọ́ nínú bọ́fà. Ewé tó ti fọ́, tó sì ń yọ́ lójú odó láìsí bọ́fà lórí rẹ̀, ẹ́ńsáìmù ti wọlé ọkà. Bí fóònù bá dún lásìkò yìí, ẹ jẹ́ kó dún.

Láàárín àpẹẹrẹ kan sí òmíràn, ẹ fi omi bílíìṣì fọ odó, kí ẹ fi omi dísítílì ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán. Bílíìṣì tó bá kù nínú rẹ̀ á jẹ DNA tó kàn.

65 °C títí dé chloroform

Ẹ kó 700 µl ohun tí ẹ lọ̀ sínú ike 2 ml, kí ẹ gbé e sínú omi 65 °C fún ìṣẹ́jú 45. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ máa yí ike náà lórí kodò lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ẹ jẹ́ kó tutù dé ìwọ̀n yàrá, ó parí síbẹ̀. Ẹ má gbé e sórí yìnyín. Wọ́n ti kọ́ wa pé tútù ló dára fún DNA, òótọ́ ni, àmọ́ CTAB máa ń dì tó bá tutù ju bíi 15 °C lọ, ẹ ó sì rí i tó funfun balau nínú ike. Nínú ọyẹ́ tàbí nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ jù, ẹ ṣọ́ra fún èyí.

Ẹ da chloroform mílílítà 24 pọ̀ mọ́ isoamyl alcohol mílílítà 1, kí ẹ mú 600 µl nínú rẹ̀ sí ike kọ̀ọ̀kan. Ike polypropylene ni o; chloroform máa ń jẹ polystyrene. Ẹ yí i lórí kodò jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ má fi ẹ̀rọ gbọ̀n ọ́n: DNA tó gùn bẹ́ẹ̀ máa ń já bí a bá jù ú síwá sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, centrifuge, ẹ̀rọ tó ń yí ike kíákíá, 12,000 × g, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ìwọ̀n yàrá.

Bí ike bá jáde, ẹ gbé e sókè dé ojú. Ìpele mẹ́ta ni ẹ ó rí: chloroform aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀, nítorí ó wúwo ju omi lọ, awọ funfun tín-ínrín láàárín, púrótéènì nìyẹn, omi tó mọ́ lókè, ibẹ̀ ni DNA wà. Ẹ fi abẹ gé ẹnu tip pípẹ́ẹ̀tì kó fẹ̀ sí i, kí ẹ tẹ pípẹ́ẹ̀tì kó tó wọ omi, kí ẹ wá máa fà á díẹ̀díẹ̀ láti ojú omi, kí tip máa bá omi lọ sísàlẹ̀. Bó bá ku bíi 100 µl lórí awọ funfun, ẹ dúró. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́ fi nǹkan ṣòfò, tó fa awọ funfun mọ́ ọn, á tún iṣẹ́ ṣe. Bí omi náà bá ṣì pọ́n tàbí tó ṣókùnkùn, ẹ tún chloroform ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Fún kòkó, ẹ kúkú máa tún un ṣe.

Chloroform tí ẹ ti lò, inú ìgò tirẹ̀ ni kó lọ, kì í ṣe ojú síǹkì.

Pípe DNA jáde

Ẹ ó ní bíi 500 µl omi lọ́wọ́. Ẹ fi RNase A, ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ RNA, sí i kó tó 10 µg fún mílílítà kan, 37 °C, ìṣẹ́jú 30. Lẹ́yìn ìyẹn, 350 µl isopropanol. Ẹ rọra yí ike náà, kí ẹ wò ó sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Lákọ̀ọ́kọ́ omi méjèèjì á máa lọ́ mọ́ra wọn. Lẹ́yìn náà ni okùn funfun tín-ínrín á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ibi tí wọ́n ti pàdé, á máa wé mọ́ra rẹ̀ títí á fi di ìdì kan tó léfòó. Iṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìwọ̀n yàrá tó fún un. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bíi ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, tó ṣú, tó ń yọ̀, ṣúgà ló bá a wá. Nígbà míì tí ẹ bá ṣe irú ewé bẹ́ẹ̀, ẹ fi NaCl 5 M tó tó ìdajì omi yín sí i, kí ẹ sì lo ethanol tútù ìlọ́po méjì dípò isopropanol. Ṣúgà á dúró nínú omi iyọ̀, DNA nìkan ni á jáde.

Kí ẹ tó gbé ike sínú centrifuge, ẹ jẹ́ kí ìdè ìdérí gbogbo wọn kọjú síta. DNA á lẹ̀ mọ́ ìhà tí ìdè wà, ẹ ò ní máa wá a kiri. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 12,000 × g. Ibí yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń pè: “Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí nǹkan kan o!” Ìdáhùn kan náà ni: “Má tíì dà á nù.” DNA tó mọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sójú, èyí tó hàn kedere tó pọ́n ló yẹ kó bani lẹ́rù. Ẹ da omi náà nù jẹ́jẹ́, ẹ fi 500 µl ethanol 70% ṣan DNA lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì dojú ike kọ bébà fún bíi ìṣẹ́jú 15. Òórùn ethanol gbọ́dọ̀ tán, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gbẹ títí á fi máa fọ́. Á wá ṣòro láti yọ́. Ẹ fi 50 sí 100 µl TE (bọ́fà Tris àti EDTA) sí i, kó sun 4 °C mọ́jú.

Bí wọ́n bá mú iná lọ

Iná á lọ, kí ẹ ti pinnu ibi tí ẹ ó dúró. Ibi tí ẹ lè ti dúró láìsí wàhálà: ewé inú silica gel lè wà níbẹ̀ fún oṣù púpọ̀, DNA nínú isopropanol tàbí ethanol lè sun mọ́jú, àní ó lè lo ọjọ́ díẹ̀, DNA tó ti yọ́ nínú TE kò níṣòro. Ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ti dúró ni ìgbà tí ewé ti fọ́ tí bọ́fà kò tíì kàn án. Nítorí náà, ẹ má ti ọwọ́ bọ odó lọ́jọ́ tí iná ń ṣẹ́jú.

Bó bá lọ nígbà tí ike wà ní 65 °C, kò le. Ẹ da omi híhó àti omi ẹ̀rọ ní ìdajì-ìdajì sínú kúlà, á bọ́ sí agbègbè 60. Ẹ fi tẹmómítà wò ó, kí ẹ máa fi omi híhó díẹ̀díẹ̀ tún un ṣe. Bó bá jẹ́ pé chloroform ti wà nínú rẹ̀, tí centrifuge sì kú láàárín ọ̀nà, ẹ to ike náà dúró lóòró. Tí iná bá dé, ẹ tún un yí lórí kodò, kí ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Gẹ́ẹ̀lì kó tó kan nọ́ńbà

Gẹ́ẹ̀lì ló ń fi hàn bóyá DNA pé tàbí ó ti já. Ẹ ṣe agarose 1%: gíráàmù 1 nínú 100 ml TAE 1X, ìyẹn bọ́fà gẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi 5 µl DNA àti 1 µl aró 6X (loading dye) sí ihò kọ̀ọ̀kan, 80 V, bíi ìṣẹ́jú 45. Fọ́sífeètì inú DNA ní ẹ̀lẹ́kítírísítì òdì, nítorí náà ọ̀dọ̀ wáyà pupa ló ń sá lọ. Ẹni tó bá yí wáyà padà á rí DNA rẹ̀ tó ń sá jáde lẹ́yìn gẹ́ẹ̀lì. Ethidium bromide, tó ń mú kí DNA tàn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ UV, lè ba DNA tiyín náà jẹ́, UV sì ń pa ojú, torí náà ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì ojú.

Ìlà kan ṣoṣo tó mọ́ kedere, tó dúró lókè nítòsí ihò, DNA tó pé nìyẹn. Bó bá fà gbọọrọ wálẹ̀, ó ti já. Oko tàbí odó ni kí ẹ padà sí. Ìkùukùu ní ìsàlẹ̀ pátápátá, RNA ni, ẹ wo RNase yín. Ohun tó tàn nínú ihò tó kọ̀ láti jáde, ṣúgà tàbí púrótéènì ló dè é mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó gbé e sí ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Ní 260 nm, ìwọ̀n 1 dúró fún 50 µg DNA nínú mílílítà kan. Bí ẹ bá fi omi fún DNA yín ní ìlọ́po 20, tí ẹ rí 0.12, ẹ ní 120 ng nínú máíkírólítà kan. Ìpín 260/280 tó súnmọ́ 1.8 dára, 260/230 yẹ kó tó 2, bó bá lọ sílẹ̀ gan-an, pólífẹ́nọ́ọ̀lù tàbí ṣúgà ló kù. RNA náà máa ń gba ìmọ́lẹ̀ ní 260, ẹ̀rọ yìí kò sì mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ìdí nìyí tí gẹ́ẹ̀lì fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹ̀jẹ̀ àti RNA, ní ṣókí

Ẹni tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀, bóyá ó ń wo jíìnì HBB ti àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní ọsibítù Wesley Guild ní Ilẹ́ṣà, ike EDTA ni kó lò. Heparin máa ń dí PCR lọ́wọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa tiwa tó ti gbó kò ní núkílíọ́sì, ti funfun ni a ń wá, kí ẹ sì gba àṣẹ ìgbìmọ̀ ìwà-ọmọlúàbí ìwádìí àti ti ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ ná. Ẹni tó kàn fẹ́ fi kọ́ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ adìẹ ni kó gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń pa adìẹ lọ́jà. Sẹ́ẹ̀lì pupa adìẹ ní núkílíọ́sì, díẹ̀ péré á fún un ní DNA tó pọ̀.

RNA ní ìlànà tirẹ̀. RNase wà lára ọwọ́ wa, kò sì ń kú bí a bá sè é lásán. Ẹ máa pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, kí ẹ lo omi tí ẹ fi DEPC 0.1%, kẹ́míkà tó ń pa RNase, sí mọ́jú, tí ẹ sì fi ọtọkíléfù sè lẹ́yìn náà. Ẹ má fi DEPC sínú bọ́fà Tris, wọ́n máa ń jẹ ara wọn. Fínọ́ọ̀lù kíkan (acid phenol) ni a ń lò níbẹ̀, nítorí nínú omi kíkan ni DNA ti ń kúrò nínú omi, tí RNA sì ń dúró.

Bí PCR bá ṣì kọ̀

Ẹ má sáré fi DNA kún un. Ohun tó kù lára kòkó ló ń dí Taq, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe iṣẹ́ PCR, lọ́wọ́, bí ẹ bá sì fi DNA kún un, ìdíwọ́ náà ni ẹ ń fi kún. Ẹ bomi là á ní ìlọ́po 10, lẹ́yìn náà 50, kí ẹ sì ṣe méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ̀lú BSA díẹ̀ nínú wọn, púrótéènì tó ń gba ìdíwọ́ náà mọ́ra. Ẹ fi ike kan tí omi nìkan wà nínú rẹ̀ sí i, àti ọ̀kan tí ẹ mọ̀ pé ó máa ń ṣiṣẹ́. DNA tó kù, ẹ pín in sí ike mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó gbé e sí -20 °C, kí ẹ máa yọ ọ̀kan lò; yíyọ́ àti dídì lemọ́lemọ́ nínú fírísà tí iná rẹ̀ kò dúró ń gé e díẹ̀díẹ̀.